Wáyà Búlúù Ilé Ògúndípẹ̀

Ìbídùn tún tẹ suwíìṣì náà, láàtì tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin sì tún kùn bí ẹni tí inú ń run, ṣùgbọ́n kò yí. Òórùn ohun tó ń jóná ń jáde láti ìdí ẹ́ńjìnnì. Ó pa á kíákíá, ó sì fi ọwọ́ gbá ara irin náà. Irin kò mọ̀ ọ́n lára rárá, ọwọ́ ẹni tó gbá a ló ń ro ó.

"Orí ẹ burú!" Ó sọ ọ́ síta gbangba, kò sì sí ẹni tó lè mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ló ń bá wí tàbí ara rẹ̀.

Kí ló kù tí kò tíì ṣe? Ó ti fọ ilẹ̀ ilé iṣẹ́ náà títí èérí ọdún gbọọrọ fi bó kúrò lára rẹ̀. Ó ti da kọ́ńkéré tuntun, ó ti fi bóòtù de láàtì mẹ́rin àti ẹ̀rọ ìlurin kan mọ́lẹ̀, ó sì ti gbé léfẹ̀lì lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti rí i pé wọ́n dúró déédéé. Wáyà mẹ́ta ló wọlé láti ara òpó ìta: pupa, yẹ́lò àti búlúù. Ó fi tẹ́sítà kan pupa, tẹ́sítà tàn. Ó kan yẹ́lò, ó tàn. Ó kan búlúù, tẹ́sítà dákẹ́ bí odi. Ẹ̀rọ tó bá ń jẹ wáyà mẹ́ta, tí a bá fún un ní méjì, á kàn máa kùn lásán ni, á máa gbóná, bí wọn kò bá sì tètè pa á, á jóná kanlẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ ọjọ́ kìíní mọ ìyẹn.

Lókè òrùlé, àwòdì onírin ti Ilé-Iná, àwọn tó ń ṣàkóso iná ìlú, ń rà bàbà, ojú rẹ̀ kan ṣoṣo dojú kọ ilẹ̀kùn. Láti àárọ̀ ló ti wà níbẹ̀. Ọjọ́ àyẹ̀wò nìyí. Bí òṣìṣẹ́ Ilé-Iná bá dé, tí ẹ̀rọ kò bá yí lójú rẹ̀ kó tó lọ, yóò fi èdìdì de ilé iṣẹ́ náà, ọkọ̀ ńlá yóò sì wá kó gbogbo irin inú rẹ̀ lọ sí ilé ìyọ́rin lódìkejì odò. Nínú ìlú tí wọ́n ti ń yọ́ agbada àti ìkòkò láti fi ṣe òpó ìbòòrùn, òfin kì í jẹ́ kí irin sùn lásán. Ìbídùn sì ti ta ilé tí ìyá rẹ̀ bí i sí láti fi ra àwọn irin yìí. Ọdún tó fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá ẹlẹ́nu búburú kan sí òmíràn kò ṣeé kà, ó sì ti búra pé iṣẹ́ ara òun ni òun yóò fi gbẹ̀yìn. Bí wọ́n bá kó irin wọ̀nyí lọ, kò ní ilé, kò ní iṣẹ́.

Ó ti ránṣẹ́ pe ẹni tó ta ilé iṣẹ́ náà fún un. Ọ̀sán gangan ni ọkùnrin náà yọ, ìbòòrùn rẹ̀ ń fò tẹ̀ lé e lókè orí bí ẹyẹ ọ̀sìn, nítorí wákàtí yìí kò sí ẹni tí òfin gbà láyè láti rìn nínú oòrùn láìbo orí. Ògúnmọ́dedé ni, àkọ́bí olóògbé Ògúndípẹ̀ tó ni ilé iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bọ̀dá Mọ́dedé. Ó wọlé, ìbòòrùn rẹ̀ sì ká ara rẹ̀ kò, ó bà lé èjìká rẹ̀.

"Ẹ káàsán, Bọ̀dá." Inú bí Ìbídùn tó bẹ́ẹ̀ tí orúnkún rẹ̀ kò kan ilẹ̀ tán.

"Pẹ̀lẹ́ o, Ìbídùn. Mo ń gbọ́ ohùn ẹ̀rọ láti ìta. O kú oríire o."

"Oríire wo ló wà níbẹ̀? Ṣebí ẹ sọ fún mi pé wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló bá ẹ̀rọ wá?"

"Ó bá a wá. Àbí kò sí lára ògiri ni?"

"Ó wà lára ògiri. Iná ni kò sí nínú búlúù!"

Bọ̀dá Mọ́dedé rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè kí Ìbídùn lè rí ẹ̀gbà pupa tó wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, tí wọ́n fi ń darí wáyà pupa, èyí tí kò tàn mọ́ láti ọjọ́ tó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé "mo yọ̀ǹda" níwájú àpótí iná. "Èmi yọ̀ǹda pupa fún ọ. Ọmọ ìyàwó kejì Bàbá wa yọ̀ǹda yẹ́lò. Kí lo tún fẹ́ kí a ṣe?"

"Ẹ̀gbà búlúù, ọwọ́ ta ló wà?"

"Má yọ ara rẹ lẹ́nu lórí ìyẹn. Búlúù ti kú. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí kò ti ṣiṣẹ́ kankan. Bí Líàdì, òṣìṣẹ́ wọn, bá dé láti Ilé-Iná, kí o kàn dojú kọ àwòdì yẹn, kí o ní, 'Wáyà yìí ti kú.' Wọn á gbé e lé ọ lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Gbólóhùn kan péré."

"Kí ló dé tí ẹ̀yin kò sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí?"

"Òfin kò gbà kí ọmọ bàbá kan náà pe wáyà ara wọn ní òkú. Ẹni tó bá ra ẹ̀rọ nìkan ló lè sọ ọ́."

Ọ̀rọ̀ náà kọjá ní etí Ìbídùn, lẹ́yìn náà ó padà wá, ó jókòó. Ọmọ bàbá kan náà? Nígbà tó lọ ra ilé iṣẹ́ yìí, ó ṣe gbogbo ohun tí ọmọ tí wọ́n bí ire ń ṣe. Ó gbé otí lọ, ó kúnlẹ̀ kí olórí ẹbí, ó ní kí wọ́n pe gbogbo ẹni tó ní ẹ̀tọ́ jáde. Bọ̀dá Mọ́dedé sì na ọwọ́ sí ara rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀, ó ní, "Ẹnu kan ni ilé wa." Ìbídùn gbà á gbọ́, ó ń ṣe bí òpè tí wọ́n ní kó di ojú, tó sì tún fi ọwọ́ bò ó. Inú bí i sí ara rẹ̀ ju bó ṣe bí i sí ọkùnrin náà lọ.

"Bọ̀dá, ìyàwó mélòó ni Bàbá fẹ́?"

Kó tó dáhùn, ohùn obìnrin kan ti ẹnu ọ̀nà wọlé.

"Ta ló ń fa wáyà mi?"

Obìnrin tó wọlé náà kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Aṣọ ìbòòrùn tó ń rán lọ́wọ́ ṣì wà ní apá rẹ̀ kan, abẹ́rẹ́ ṣì há sí i. Ó na apá kejì síwájú. Ẹ̀gbà búlúù kan ń ṣẹ́jú lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, awọ ara tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ti pọ́n.

"Láti àárọ̀ ni ẹ̀gbà yìí ti ń ta mí. Ẹ ń tẹ̀ ẹ́, ó ń ta mí. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́, ó tún ta mí. Ṣé ọmọlúwàbí kò lè kan ilẹ̀kùn kó tó wọ ilé onílé ni?"

"Ta nìyí?" Ìbídùn béèrè, ṣùgbọ́n ojú Bọ̀dá Mọ́dedé ti dá a lóhùn. Ọkùnrin náà ti yíjú sí ògiri.

"Àṣàbí ni mò ń jẹ́, Àǹtí. Èmi ni àkọ́bí ìyàwó kẹta."

"Ìyàwó kẹta wo?" Bọ̀dá Mọ́dedé já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Alásè ni ìyá ẹ! Ó ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ níbí ni, ó sì ń gbálẹ̀. Ẹni tó ń gbálẹ̀ kì í di ìyàwó ilé."

"Kí ìyá mi tó kú, ó gbálẹ̀, ó sè, ó sì bí mi fún Bàbá. Ta ló tún kù tó ṣe iṣẹ́ ìyàwó jù bẹ́ẹ̀ lọ?" Ohùn Àṣàbí kò ga, èyí sì mú kí ó wúwo. Ó yíjú sí Ìbídùn. "Nígbà tí àìsàn dá Bàbá mọ́lẹ̀, ó pe àwa mẹ́ta, àkọ́bí ìyá kọ̀ọ̀kan. Ó ní ìdí-igi mẹ́ta ni òun ní, wáyà mẹ́ta ni òun ní, ó sì fi ẹ̀gbà wọ̀ wá lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹnikẹ́ni má baà jà."

Ìbídùn wo òkè, ó wo ilẹ̀. Ó ti rí ibi tí wọ́n ti pín yàrá ní ìdí-igi ìdí-igi, ó ti rí ibi tí wọ́n ti pín oko, ó tilẹ̀ ti rí ibi tí wọ́n ti la àgà kan sí méjì. Kò tíì rí ibi tí wọ́n ti pín iná ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo fún ọmọ ìyá mẹ́ta bí ẹni ń pín ẹran ọdún. Ọkùnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ yí irin, tó mọ̀ pé wáyà méjì kò lè yí ohun tí mẹ́ta ń yí, òun ló tún jókòó ṣe èyí!

"Ó rò pé ẹ ó máa jókòó pọ̀ yí i," ó ní. "Ó mọ irin o, kò mọ ọmọ rẹ̀."

Ó sún mọ́ Àṣàbí. "Ó dáa. O ti gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Mo ra ẹ̀rọ yìí, n kò mọ̀ pé o wà. Ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀ ọ́ báyìí. Yọ̀ǹda búlúù fún mi."

"Kí Bọ̀dá Mọ́dedé dojú kọ àwòdì yẹn, kó ní ìyàwó bàbá òun ni ìyá mi. Kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí Ilé-Iná gbọ́ ọ. Màá yọ̀ǹda kí ó tó pa ẹnu dé."

"Kí n má rí i!" ni Bọ̀dá Mọ́dedé wí.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ní kí n má rí i!"

Ó fa Ìbídùn sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìlurin, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fún ọmọ ní àkàrà. "Gbọ́ mi. Má jẹ́ kí ọmọ yìí fi omijé dà ọ́ láàmú. Bí wáyà rẹ̀ bá kú lónìí, òun náà kò sí ní ilé wa mọ́. Ìdí-igi méjì ló kù nìyẹn. Ilẹ̀ Bàbá tó wà létí odò á wá ṣeé pín bó ṣe tọ́, a kò sì ní gbàgbé ìwọ náà. O rí igun tó kọjú sí afárá yẹn?"

Ìbídùn kò rí igun kankan. Ohun tó rí ni ọdún mẹ́ta. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ti ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ yìí, wọ́n jẹ́ kí ìpẹtà máa jẹ irin tó dáa jù ní ìlú, kí wáyà kan lè pé ọdún tí a fi ń pè é ní òkú. Lẹ́yìn náà wọ́n wá ẹni tí kì í ṣe ọmọ bàbá wọn, ẹni tí ojú ń kán láti ní tirẹ̀, ẹni tó máa la ẹnu sọ ohun tí ẹnu tiwọn kò gbọ́dọ̀ sọ.

"Ẹ kò ta ẹ̀rọ fún mi rárá," ó ní. "Ẹnu mi lẹ rà."

"Má pariwo."

"Màá pariwo! Ẹ jẹ́ kí n ta ilé ìyá mi kí ẹ lè fi ẹnu mi pa ọmọ bàbá yín? Àgbà ni yín? Àgbàyà ni yín!"

Ó kù díẹ̀ kí ó ju sípánà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lu ọkùnrin náà. Ohun tó dá a dúró ni ìró bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gbẹ́ni Líàdì, òṣìṣẹ́ Ilé-Iná, ti dé, aṣọ rẹ̀ tutù fún òógùn, ó sì gbé àpò èdìdì kọ́ ọrùn. Àwòdì onírin náà sọ̀kalẹ̀ láti òkè, ó dúró sí afẹ́fẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń gbọ́ ariwo láti ìkóríta. Ṣé ẹ̀rọ ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ ni, àbí èèyàn?"

"Èèyàn ni, ọ̀gá," Ìbídùn dáhùn.

"Ó ṣe, ẹ̀rọ ni mo wá gbọ́. Màdámú, ṣé ó ń yí?"

"Kò tíì yí. Wáyà búlúù ni."

Líàdì wo ẹ̀gbà tó ń ṣẹ́jú lọ́wọ́ Àṣàbí, ó wo ojú Bọ̀dá Mọ́dedé, ó sì mí kanlẹ̀. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí ti rí oríṣiríṣi ẹbí. "Ọ̀rọ̀ ẹbí kò sí lára iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Ohun kan ni mo lè gbọ́ lẹ́nu yín. Wáyà búlúù yìí, ṣé ó ti kú ni àbí ó wà láàyè?"

"Dá a lóhùn," Bọ̀dá Mọ́dedé wí. "Gbólóhùn kan."

Ìbídùn la ẹnu.

Kí a má purọ́, ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó ń ro ilé ìyá rẹ̀, tí àwọn ẹlòmíràn ti ń sá aṣọ sí àgbàlá rẹ̀ báyìí. Ó ń ro àwọn ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, bí wọn yóò ṣe rẹ́rìn-ín bó bá tún padà wá tọrọ iṣẹ́. Inú ń bí i sí Àṣàbí pàápàá. Kí ló ń jẹ́ àgídí bẹ́ẹ̀? Ẹni tí ìyá rẹ̀ ti kú, kí ni ó fẹ́ fi ẹ̀rí ẹnu ọkùnrin burúkú kan ṣe? Kó kàn yọ̀ǹda, kí oníkálukú máa lọ! Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò sunkún, kò bẹ̀bẹ̀, kò sì gbójú kúrò lójú rẹ̀. Ó dúró síbẹ̀ ní ààyè, ó ń dúró kí ẹnì kan pè é ní òkú lójú ara rẹ̀. Ìbídùn ti rí i pé ó ti mọ́ ọn lára, ìyẹn ló sì bí i nínú jù.

Ó dojú kọ àwòdì.

"Wáyà yìí wà láàyè," ó ní. "Ẹni tó ni ín ló dúró yìí. Àṣàbí, ọmọ Ògúndípẹ̀. Ẹ de ilé iṣẹ́ náà, ọ̀gá. Ẹ dè é kí gbogbo wa sinmi!"

"O ya wèrè!" Bọ̀dá Mọ́dedé kígbe.

"Mo ya wèrè láti ọjọ́ tí mo ti gbé otí wá sí ilé yín. Ẹ jáde fún mi."

"Bí wọ́n bá yọ́ irin ẹ, kò kàn mí. Mo ti tà, mo ti gbà." Ọkùnrin náà bọ́ sí ìta. Ìbínú kò jẹ́ kí ó dúró kí ìbòòrùn rẹ̀ ṣí tán, inú oòrùn ló ti ń rìn, ìbòòrùn ń sáré tẹ̀ lé e.

Líàdì ṣí àpò rẹ̀. Ó yọ èdìdì kìíní, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara láàtì tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Kò yára, kò sì fi falẹ̀. Ìbídùn jókòó sórí ilẹ̀ kọ́ńkéré tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó fi ọwọ́ oní-gíríìsì nù ún, ojú rẹ̀ sì dúdú.

"Ẹ dúró ná," Àṣàbí wí.

Líàdì dúró. "Ṣé ẹ ti yọ̀ǹda?"

"N kò yọ̀ǹda fún ẹnikẹ́ni. Èmi fúnra mi ni mo fẹ́ tan án."

"Òfin gbà á." Líàdì họ orí. "Àmọ́ ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́? Bí ẹ kò bá yọ̀ǹda, ọwọ́ yín ló gbọ́dọ̀ tan búlúù lójoojúmọ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ wà nínú ilé níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń yí. Bí ẹ bá bọ́ sí ìta, ó kú."

"Mo gbọ́."

Ìbídùn dìde fùú. "Èmi kò gbọ́! Èmi ra ilé iṣẹ́, kí n wá máa wo ojú ọ̀nà lárààárọ̀ bóyá ẹnì kan á dé? Bí ara rẹ̀ kò bá yá ńkọ́? Bó bá ní òun ń lọ síbi òkú ńkọ́? Bí a bá jà?"

"A ó jà," Àṣàbí wí. "Ìyá mi fi ọdún gbogbo ṣiṣẹ́ nínú ilé yìí, kò ní nǹkan kan níbẹ̀. Èmi kò ní gbé èyí tí mo ní fún yín, nítorí pé ẹ ṣàánú mi. Bí ẹ kò bá fẹ́, ẹ jẹ́ kí ọ̀gá máa lẹ èdìdì wọn lọ. Ẹ̀rọ jẹ́ tiyín, Àǹtí. Wáyà jẹ́ tèmi."

Ó wu Ìbídùn kí ó gbá a létí. Ó wù ú gan-an ni. Dípò bẹ́ẹ̀ ó fi ìbínú bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì fi ọ̀nà àpótí iná hàn án.

Àṣàbí gbé aṣọ tó ń rán kalẹ̀. Ó fi ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kan ara àpótí náà, ẹ̀gbà rẹ̀ kò sì ṣẹ́jú mọ́, ó tàn yòò. Ìbídùn tẹ suwíìṣì. Láàtì náà kùn díẹ̀, ó gbọ̀n jìgìjìgì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ekuru ọdún mẹ́ta fò kúrò lára rẹ̀ wùù.

Ẹ̀yìn ló ń yí sí.

"Olúwa ò!" Ìbídùn gbá orí ara rẹ̀ mú. "Ó ń yí padà sẹ́yìn!"

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti dé, Líàdì bú sẹ́rìn-ín. "Òfin ní kó yí, màdámú. Kò sọ apá ibi tí yóò yí sí." Ó ṣí èdìdì tó ti lẹ̀ kúrò, ó kó àpò rẹ̀, ó wo obìnrin méjèèjì bí wọ́n ṣe kọ ẹ̀yìn síra wọn. "Adìẹ bà lé okùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ó dàbọ̀ o." Àwòdì rẹ̀ fò tẹ̀ lé e jáde.

Ìbídùn pa ẹ̀rọ.

"Má rò pé mo fẹ́ràn rẹ o," ó ní.

"Èmi náà kò fẹ́ràn yín, Àǹtí."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó mú sípánà, ó fi tọ́ka sí ojú mẹ́ta tí wáyà mẹ́ta náà ti wọ ẹ́ńjìnnì: pupa ní kìíní, yẹ́lò ní àárín, búlúù ní ìgbẹ̀yìn, bí olóògbé ṣe ní kí wọ́n tún wọn tò ní ipò ọmọ nígbà tó pín wọn. "Lọ́la, kí a tó tan ohunkóhun, a ó tú pupa kúrò ní ojú kìíní yìí, a ó gbé e lọ sí ìgbẹ̀yìn. Búlúù la ó fi rọ́pò rẹ̀."

Àṣàbí wo ibi tó tọ́ka sí. "Ibẹ̀ ni ti Bọ̀dá Mọ́dedé. Ibẹ̀ ni Bàbá fi wọ́n sí."

"Mo mọ ibi tó fi wọ́n sí. Ibẹ̀ náà ló mú un yí sẹ́yìn; bí a bá pààrọ̀ wáyà méjì, á yí síwájú." Ìbídùn ju sípánà sínú àpótí irinṣẹ́. "Àárọ̀ kùtù là ń ṣílẹ̀kùn níbí. Má pẹ́."